Bí Kọ̀ǹpútà Ńlá Ṣe Ń Jẹ́ Iṣẹ́ Ìlera Ara Rẹ̀, àti Èyí Tí ATM Ń Jẹ́ fún Wa

Kọ̀ǹpútà ńlá tí wọ́n ń pè ní mainframe kì í ṣe àjèjì sí ètí àwọn ará Ìbàdàn. Ní ọdún 1963 ni ilé-iṣẹ́ IBM dá ibùdó ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn, ní òdìkejì Agbowó, láti máa kọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Títí di òní, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ báńkì ńlá lágbàáyé fi ń ṣírò owó àwọn oníbàárà wọn.

Nítorí pé kò yẹ kí ẹ̀rọ náà dáwọ́ iṣẹ́ dúró, àwọn onímọ̀ a máa kọ àwọn ètò àyẹ̀wò sínú rẹ̀, tí yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò ní àkókò tí a yàn. Ohun tí ètò náà bá rí, ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́ jáde. Lórí z/OS, tí í ṣe ètò tó ń darí mainframe IBM, HZS0001I ni ìkìlọ̀ fún àléébù kékeré, HZS0002E fún ti àárín, HZS0003E fún èyí tó le jù. Lẹ́tà tó gbẹ̀yìn ṣe pàtàkì: I jẹ́ ìròyìn, E ń béèrè pé kí ẹnìkan ṣe nǹkan sí i. Àlàyé yóò sì tẹ̀lé e nípa ohun tí òṣìṣẹ́ ní láti ṣe. Bí àléébù kò bá tilẹ̀ sí, ètò náà ṣì ní láti kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ti yẹ̀ ẹ́ wò. Lójú tiwa, ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n rẹ̀ wà. Bí ètò kan bá dákẹ́, ta ni yóò mọ̀ bóyá ara ẹ̀rọ dá ni, tàbí ètò náà fúnra rẹ̀ ni kò ṣiṣẹ́?

Ẹ̀yin olùgbé ìpínlẹ̀ wa kò ní rí HZS kankan. Èyí tí ẹ ń rí ni ti ATM àti POS, tí òun náà ń fi nọ́ńbà kúkúrú sọ ohun tó ṣẹlẹ̀: 51, owó kò tó, 54, ọjọ́ káàdì ti kọjá, 55, PIN kò bá a mu. Ọ̀tọ̀ ni 91, tó ń kọ “Issuer or Switch Inoperative”. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹ̀rọ báńkì yín, tàbí èyí tó so àwọn báńkì pọ̀, kò dáhùn. Kì í ṣe ẹ̀bi oníbàárà, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ìyá tó ń ta ata ní ọjà Bódìjà. Ìjà tí à ń bá ara wa jà lórí rẹ̀ kò nídìí. Ṣùgbọ́n owó lè ti kúrò nínú àpò yín. Ẹ wo iye tó kù kí ẹ tó tún ki káàdì bọ̀ ọ́.

Gẹ́gẹ́ bí ìlànà CBN tó bẹ̀rẹ̀ ní 8 June 2020, bí ATM báńkì yín bá yọ owó láìsan án, ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni owó náà gbọ́dọ̀ padà. Bí ẹ̀rọ kò bá lè dá a padà fúnra rẹ̀, kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí 24. Bí ó bá jẹ́ ATM báńkì mìíràn, wákàtí 48. Ti POS tàbí íntánẹ́ẹ̀tì, wákàtí 72. Ẹ pa rìsíìtì mọ́, kí ẹ kọ nọ́ńbà tí ẹ rí, ọjọ́, aago àti iye owó sílẹ̀. Báńkì tó ni káàdì yín ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá, kì í ṣe ẹni tó ni ATM. Bí wọn kò bá yanjú rẹ̀, ẹ lè kọ̀wé sí CBN ní cpd@cbn.gov.ng.

Ẹni tó bá pè yín pé òun ti rí owó tó há, kí ẹ fún òun ní PIN kí òun lè dá a padà, olè ni.