Ìkòkò Dúdú Tó Fẹ́rẹ̀ẹ́ Paná Disney

Ẹ̀yin ọmọ mi, owó ò lè sọ ìtàn fúnni. Ní 1985, Disney gbé The Black Cauldron jáde, fíìmù àwòrán tó ná wọn ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 44 dọ́là. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 21 péré ló pa ní Amẹ́ríkà. Ìwé Lloyd Alexander méjì ni wọ́n rún pọ̀, ìtàn ò wá lórí, kò nídìí. Ọ̀gá tuntun, Jeffrey Katzenberg, ní ó ń dẹ́rù ba ọmọdé, ó gé ìṣẹ́jú bíi 12 kúrò. Àmọ́ ọ̀bẹ kì í tún ìtàn ṣe. Láàrin àsìkò náà, wọ́n kó àwọn ayàwòrán kúrò lọ́gbà Burbank lọ sí Glendale. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ya The Little Mermaid, tó gbayì ní 1989. Bí àgbà bá ṣubú, ẹ̀yìn ló ń wò.