Bí a ṣe ń tú àdììtú tó sọ ọ̀rọ̀ di nọ́ńbà

Ẹ jẹ́ ká ní ẹnì kan fi ìwé pélébé lé yín lọ́wọ́ ní ibùdókọ̀, tó kọ 8-1-7-1-3-1 sínú rẹ̀, tó ní ibẹ̀ ni kí ẹ ti pàdé òun lọ́la. Ẹni tó bá fi ábídí Òyìnbó tú u yóò rí HAGACA, ìlú tí kò sí. Gbàgádà ni, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́, l'Ékòó.

Ibi tí àṣìṣe ti wọlé ni pé lẹ́tà 26 ni Òyìnbó ní, 25 sì ni tiwa. A kò lo C, Q, V, X àti Z, ṣùgbọ́n a ní Ẹ, Gb, Ọ àti Ṣ. Nítorí náà ni D fi di 3, tí Gb, tó jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo lójú wa, fi di 8.

Èyí rọrùn. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹni tó kọ ọ́ bá da nọ́ńbà náà rú, bíi 22-9-6-9-14-9. Al-Kindi, ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Ìráàkì, ti kọ ọ̀nà rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹsàn-án: ka iye ìgbà tí àmì kọ̀ọ̀kan jáde, kí o fi wé lẹ́tà tó máa ń pọ̀ jù nínú èdè náà. Yorùbá tilẹ̀ tún ràn wá lọ́wọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kọ́ńsónáǹtì méjì kì í sábà fara kan ara wọn, àfi tí n bá wà níbẹ̀, fáwẹ̀lì ló sì máa ń parí sílébù. Ẹ wo 9 bó ṣe ń jáde lẹ́yìn nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Fáwẹ̀lì ni. Fáwẹ̀lì 7 péré la sì ní. Bí fáwẹ̀lì bá ṣáájú ọ̀rọ̀, kì í ṣe U nínú Yorùbá àjùmọ̀lò. Bí ẹ bá sì ti mọ̀ pé ọ̀kan jẹ́ Ọ, ẹ má ṣe wá E tàbí O sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nítorí àǹkóò fáwẹ̀lì kì í sábà gbà á nínú ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe àkànpọ̀.

Síbẹ̀, ìwé náà ṣì lè tàn yín. Kí ni 17-12-17? Ó lè jẹ́ ọkọ ìyàwó, ó lè jẹ́ ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko, ó lè jẹ́ ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ wọ̀, ó sì lè jẹ́ ọ̀kọ̀ tí wọ́n ń gún ènìyàn. Nọ́ńbà kò mọ ohùn.

Àwọn baba wa ní tiwọn tó mọ ohùn. Nínú àrokò, owó ẹyọ mẹ́fà jẹ́ ẹ̀fà, ẹ̀fà sì gbé "fà" dání: mo fà mọ́ ọ. Mẹ́jọ jẹ́ ẹ̀jọ, "jọ" sì ni: a jọ wà. Iye ni wọ́n fi ránṣẹ́, ìró orúkọ iye náà ni ìtumọ̀ rẹ̀. John Augustus Otunba Payne, akọ̀wé àgbà ilé ẹjọ́ l'Ékòó, kó irú àrokò bẹ́ẹ̀ jọ láti 10-11-4-2-23 (ẹ fi ábídí wa tú u), G. W. Bloxam sì gbé e jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1887. Ọ̀kan jẹ́ owó ẹyọ 6 pẹ̀lú ìyẹ́ ẹyẹ. Ìyẹ́ ni wọ́n fi ń ro etí. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé mo fà ọ́ mọ́ra, kí ìwọ náà fà mọ́ mi; etí rẹ nìkan ni ọ̀rọ̀ mi lè dé láti ibi yìí, nítorí náà máa bọ̀ kíákíá.

Kò sí ìwé kọ́kọ́rọ́ kankan tí ọ̀tá lè jí. Èdè fúnra rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́, ìdí sì nìyí tí ọmọ Gbàgádà tó ń ka owó ẹyọ náà ní "one, two, three" yóò fi kà á dé mẹ́fà láìgbọ́ nǹkan kan. Kódà, ẹni tó gbọ́ "fà" náà gbọ́dọ̀ wo bí wọ́n ṣe sín in: èyí tó kojú síra jẹ́ ti ìfẹ́, èyí tó kẹ̀yìn síra jẹ́ ti ìjà. Ẹni tó bá sáré tú okùn náà láti ka owó ẹyọ ti ba ìdajì iṣẹ́ náà jẹ́.