Láti Odò Escravos Dé Lisbon: Ohun Tí Arìnrìnàjò Afẹ́ Ń Wò àti Ohun Tí Olùkọ́ Gbọ́dọ̀ Kọ́ni

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ìṣubú kan tó bá wa ní Ogbe-Ijoh ló bí iṣẹ́ yìí. A lọ ṣe àbẹ̀wò sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí wọ́n ń fi iṣẹ́ olùkọ́ kọ́ra ní ilé-ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀, ní olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn Warri, ní Ìpínlẹ̀ Delta. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà dá lórí àwọn odò Ìpínlẹ̀ náà. Olùkọ́ náà kọ orúkọ wọn sójú pátákó: Benin, Escravos, Forcados. Ọmọ kan nawọ́, ó béèrè ohun tí Escravos túmọ̀ sí àti ẹni tó sọ odò náà lórúkọ. Olùkọ́ náà wo ojú wa. Àwa náà wo ojú rẹ̀. A sọ fún ọmọ náà pé orúkọ òyìnbó ni, a sì ní kí ẹ̀kọ́ máa tẹ̀síwájú.

Ohun tó dùn wá níbẹ̀ ni pé a ti dé Lisbon rí. Lọ́dún díẹ̀ ṣáájú ìgbà náà, a fi ìsinmi wa lọ sí ilẹ̀ Potogí gẹ́gẹ́ bí arìnrìnàjò afẹ́. A ya fọ́tò níwájú Ilé-Ìṣọ́ Belém, a to sórí ìlà láti wọ ilé Jerónimos, a jókòó mu kọfí ní gbàgede ńlá tó kọjú sí odò Tejo. A tilẹ̀ rí ọ̀rọ̀ náà gan-an, escravos, nínú àkọsílẹ̀ ara ògiri ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan, a kò sì so ó mọ́ odò tó wà nílé. Ẹrú ni ìtumọ̀ rẹ̀. Odò Àwọn Ẹrú ni àwọn Potogí pe odò náà, inú ìjọba ìbílẹ̀ ọmọ tó béèrè ìbéèrè yẹn ni ẹnu odò náà sì wà.

Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú iṣẹ́ yìí kò ju ọ̀kan lọ. Ìlú àtijọ́ ilẹ̀ Yúróòpù tí a ń náwó lọ wò, ìtàn tiwa wà nínú ìpìlẹ̀ rẹ̀. Àwọn ará agbègbè wa ti lọ wò ó kí wọ́n tó kọ́ ọ̀pọ̀ nínú ohun tí a ń ya fọ́tò rẹ̀ lónìí. Ẹni tí a kò bá kọ́ ní ìtàn yìí nílé, òkúta lásán ni yóò lọ wò lẹ́yìn odi.

Àlejò Ọdún 1486

Ní nǹkan bí ọdún 1486, atukọ̀ kan tó ń jẹ́ João Afonso de Aveiro dé Bìní. Nígbà tó ń padà, Ọba Bìní rán ikọ̀ tẹ̀lé e lọ sọ́dọ̀ João Kejì, ọba àwọn Potogí. Olóyè Ughoton, èbúté ìlú Bìní, ni ẹni tí ọba rán; Ohen-Okun ni ìtàn Bìní ń pè é. Rui de Pina, òpìtàn ààfin Potogí, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ tó sì gbọ́n ni ikọ̀ náà, pé wọ́n ṣe àríyá ńlá fún un, wọ́n sì fi ọ̀pọ̀ ohun dáradára ilẹ̀ wọn hàn án. Wọ́n fi aṣọ olówó ńlá ta òun àti ìyàwó rẹ̀ lọ́rẹ kó tó padà sílé.

Iṣẹ́ ọba ló bá lọ, àmọ́ ohun tí arìnrìnàjò afẹ́ ń ṣe ni òun náà ṣe: wọ́n mú un rìn, ó wò, ó jẹ, ó mu, ó gbé ẹ̀bùn wálé. Kí ni ó lè rí nígbà náà? Ààfin olódi São Jorge wà lórí òkè. Sé, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní ọdún 1147, wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Jerónimos kò tíì sí. Ọdún 1501 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ilé-Ìṣọ́ Belém kò sí; ó di ọdún 1514 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ará Ughoton ti rí Lisbon kí Lisbon tó ní àwòrán tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n.

Ní ọdún 1486 yìí kan náà ni wọ́n dá Casa dos Escravos, Ilé Ẹrú, sílẹ̀ ní Lisbon. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gba àwọn ẹrú tó ti etíkun Áfíríkà dé, kí wọ́n bu owó lé wọn, kí wọ́n sì gba owó orí wọn fún ọba. Ohun dáradára ni Rui de Pina ní wọ́n fi han àlejò. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe fi han àwa náà.

Owó Tó Kọ́ Ilé

Bí a bá dúró níwájú Jerónimos, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn agbẹ́kùúta a máa yani lẹ́nu. Ìbéèrè òpìtàn ni pé: owó ta ni? Ọba Manuel ya nǹkan bí ìdá kan nínú ogún owó tó ń wọlé láti ara òwò Áfíríkà àti ti Ìlà-Oòrùn ayé sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ náà. Ata, wúrà àti ènìyàn ni òwò ọ̀hún.

Àwọn odò wa wà nínú òwò yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, Duarte Pacheco Pereira, tó jẹ́ atukọ̀ àti òǹkọ̀wé, kọ nípa odò Escravos àti Forcados. Ó dárúkọ àwọn kan tó pè ní Jos ní agbègbè Forcados. Àwọn onímọ̀ gbà pé àwọn Ijaw ni. Ẹ̀gbà ọwọ́ onídẹ àti oníbàbà ni àwọn Potogí fi ń ra ènìyàn ní agbègbè yìí. Wọ́n ń kó àwọn kan lọ sí Elmina ní ilẹ̀ Gánà òde òní láti fi gba wúrà, wọ́n ń kó àwọn kan lọ sí oko ìrèké ní São Tomé, wọ́n sì ń kó àwọn mìíràn lọ sí ilẹ̀ Potogí. A kò gbọdọ̀ fi bò pé ọwọ́ tiwa náà wà níbẹ̀: ẹni tó rà kò lè rà bí kò bá sí ẹni tó tà.

Nígbà tí wọ́n ka àwọn ará Lisbon ní ọdún 1551, nǹkan bí 100,000 ni wọ́n, ẹrú sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 10,000 nínú wọn. Àwọn ni wọ́n ń pọnmi, tí wọ́n ń fọṣọ, tí wọ́n ń ru ẹrù ní èbúté. Ní ọdún 1515, Ọba Manuel pàṣẹ pé kí wọ́n gbẹ́ kòtò jíjìn kan tí wọn yóò máa ju òkú àwọn ẹrú sí. Òpópónà kan wà ní Lisbon títí dòní tó ń jẹ́ Rua do Poço dos Negros, ìyẹn Òpópónà Kànga Àwọn Aláwọ̀ Dúdú. Arìnrìnàjò tí kò gbédè yóò gba ibẹ̀ kọjá láìwo ẹ̀gbẹ́.

Ọmọ Ọba Warri ní Coimbra

Ìtàn ìjọba Warri sọ pé Ginuwa, ọmọ Ọba Bìní, ló tẹ̀ ẹ́ dó ní ìparí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Ní àárín ọdún 1570 sí 1580, àwọn àlùfáà ẹgbẹ́ Augustine wá, wọ́n sì ṣe ìrìbọmi fún ọmọ Olú. Sebastian ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Nígbà tí Sebastian di Olú, ìṣòro kan dojú kọ ọ́. Àwọn àlùfáà kò fẹ́ gbé Warri. Àìsàn ń pa wọ́n, ìlú kò sì lówó tó lè bọ́ wọn bí wọ́n ṣe fẹ́. Olú fúnra rẹ̀ ló ń kọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ ní àdúrà.

Ọgbọ́n tó dá ni pé kí ọmọ tiwọn lọ kọ́ ẹ̀kọ́ náà. Ní nǹkan bí ọdún 1600, ó rán Domingos, ọmọ rẹ̀, lọ sí ilẹ̀ Potogí. Domingos lo nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lókè òkun, ó kàwé ní Coimbra, ó sì mú ìyàwó láti ìdílé ọlọ́lá wálé. Àwọn Ìṣẹ̀kírì mọ̀ ọ́n sí Olú Atuwatse Kìíní. António Domingos, ọmọ rẹ̀, jọba lẹ́yìn rẹ̀, ó sì kọ̀wé sí Póòpù ní ọdún 1652 pé kí wọ́n fi àlùfáà ránṣẹ́. Nígbà tí Olú tuntun gorí ìtẹ́ ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 2021, Atuwatse Kẹta ni orúkọ tó mú.

Lónìí, àwọn arìnrìnàjò afẹ́ ń to ìlà ní Coimbra láti wo ilé-ìkàwé Joanina. Àárín ọdún 1717 sí 1728 ni wọ́n kọ́ ọ, ìyẹn ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ lẹ́yìn tí Domingos ti padà sílé. Bákan náà ni Lisbon tí ó mọ̀ kọ́ ni èyí tí a lọ wò. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1755, ilẹ̀ mì tìtì, omi ya wọ ìlú, iná jó o. Ààfin etídò wó, ibẹ̀ sì ni gbàgede tí a jókòó sí tí a ń mu kọfí. Inú ilé ààfin yẹn ni wọ́n ti ń ṣètò òwò etíkun wa. Àwa kò mọ̀. Kọfí wa ni a ń mu.

Ẹ jẹ́ kí á fi ìtàn méjèèjì yìí sójú kan. Ọmọ ọba gba orí omi lọ, wọ́n kọ́ ọ ní ìwé. Àwọn tí wọ́n rà ní odò Escravos gba orí omi kan náà lọ, wọ́n bu owó lé wọn. Olùkọ́ tó bá sọ ti Domingos nìkan ti sọ ìtàn di ìyangàn. Olùkọ́ tó bá sọ ti ẹrú nìkan ti sọ àwọn baba wa di ẹni tí kò ní ọgbọ́n orí tirẹ̀.

Àbá fún Àwọn Olùkọ́

Láti sáà 2009/2010 ni wọ́n ti yọ Ìtàn kúrò gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tó dá dúró ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ìpele kékeré girama. Ní ìparí ọdún 2022 ni ìjọba àpapọ̀ kéde ìpadàbọ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọ tí kò kọ́ ọ láàárín àkókò yẹn ni akẹ́kọ̀ọ́ wa báyìí, àwọn náà ni yóò sì kọ́ àwọn ọmọ tó ń bọ̀. Nítorí náà:

Èkíní, kí ẹ̀kọ́ ìtàn bẹ̀rẹ̀ láti ara orúkọ. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Kí akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ kọ́kọ́ wádìí orúkọ odò, èbúté àti òpópónà ibi tó ti fẹ́ kọ́ni.

Èkejì, kí á lo èdè ẹnu àwọn ọmọ. Kò sí ọmọ Warri tí kì í sọ “sabi” àti “pikin” lóòjọ́. Láti ẹnu àwọn Potogí ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ti wá. Ọmọ Ijaw, ọmọ Urhobo, ọmọ Ìṣẹ̀kírì àti ọmọ Yorùbá lè jọ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí láìsí pé ẹnikẹ́ni ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èyí ṣe pàtàkì ní ibi tí ẹ̀mí ti ṣòfò láti ọdún 1997 nítorí ibi tí olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ yóò wà.

Ẹ̀kẹta, kí ẹni tó bá rí ànfààní lọ sí òkè òkun nínú wa fi ìbéèrè dání lọ: ìgbà wo ni wọ́n kọ́ ilé yìí? Owó wo ni wọ́n fi kọ́ ọ? Ta ló ti ọ̀dọ̀ wa wá síbí rí?

Àgbálọgbábọ̀

Àwọn baba wa sọ pé ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn ni yóò sọ pé kò sí oko tó tó ti baba òun. Òótọ́ ni, ìrìnàjò dára, a kò sì kábàámọ̀ pé a lọ. Àmọ́ odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ní í gbẹ. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, a padà sí Ogbe-Ijoh. Ọmọ tó béèrè ìbéèrè náà ti kúrò ní kíláàsì yẹn. A sọ ìtumọ̀ Escravos fún àwọn tí a bá níbẹ̀, a sì sọ ti Domingos pẹ̀lú. Ẹni tí a jẹ ní gbèsè gan-an kò sí níbẹ̀ láti gbà á. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, ẹ má jẹ́ kí ọmọ tó nawọ́ ní kíláàsì tiyín lọ bẹ́ẹ̀.