Fíìmù The Black President
The Black President ni fíìmù olórin tí Fẹlá Aníkúlápó-Kútì ń ṣe lórí ìgbésí ayé ara rẹ̀, nígbà tí ìjà òun àti ìjọba ológun ti gbóná. Ní ọjọ́ 18, oṣù Kejì, ọdún 1977, àwọn ọmọ ogun ya bo Kàlàkútà, ilé rẹ̀ ní Èkó. Wọ́n ju ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀, láti ojú fèrèsé, wọ́n sì sun ilé náà. Ohùn tí a ti gbà sílẹ̀ fún fíìmù náà jóná níbẹ̀. Orin sì ni òpómúléró rẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìwádìí ìjọba ní sójà tí a kò mọ̀ ló dáná ọ̀hún. Ìyá rẹ̀ kú ní 1978. Ní 1982, Jean-Jacques Flori àti Stéphane Tchalgadjieff ṣe Music Is the Weapon, nínú èyí tí Fẹlá ti fẹnu ara rẹ̀ rojọ́.