Concentus Musicus Wien: Ẹgbẹ́ Tó Ní Kí Orin Àtijọ́ Sọ̀rọ̀

Lọ́dún 1953, ní ìlú Vienna lórílẹ̀-èdè Austria, àwọn ọ̀dọ́ olórin mélòó kan bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé nílé tọkọtaya Nikolaus àti Alice Harnoncourt. Ohun èlò ayé àtijọ́ ni wọ́n ń fi dánra wò. Nǹkan bí ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi wà lẹ́nu rẹ̀ kí wọ́n tó jáde síta ní 1957. Concentus Musicus Wien ni wọ́n sọ ẹgbẹ́ náà.

Àwọn kọ́ ló kọ́kọ́ dáwọ́ lé irú iṣẹ́ yìí. Arnold Dolmetsch, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó fi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ilé, ti ń kan ohun èlò àtijọ́ láti òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ó sì dá àjọ̀dún orin sílẹ̀ ní Haslemere ní 1925. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ Vienna yìí ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé ibi tí kò ti sí olórin ńlá tó lè ṣe bíi pé òun kò gbọ́.

Nikolaus, tí wọ́n bí ní Berlin ní 1929, tó sì dàgbà ní Graz, ń ta sẹ́lò nínú ọkẹ́sírà Vienna Symphony láti 1952. Ibẹ̀ ló ti ń rówó jẹun, ibẹ̀ náà sì ni ọkàn rẹ̀ ti ń gbọgbẹ́. Wọ́n ń fi ohùn dídán, tó wúwo, tó ń lọ gbọọrọ láìdánudúró, ta orin Bach àti ti Mozart, bí ẹni pé ọjọ́ kan náà ni wọ́n kọ gbogbo orin ayé. Ó gbà pé ohun èlò wà lára ohun tí Bach ní lọ́kàn nígbà tó ń kọ̀wé, pé a kò lè yọ ọ́ kúrò kí orin náà sì ṣì pé.

Ìfun àgùntàn tí wọ́n lọ́ ni okùn fáyólìn ìgbà Bach. Ọrun tí wọ́n fi ń fa okùn yìí fẹ́ẹ́rẹ́ ju ti òde òní lọ. Bó ti ń lọ sí ìparí ni ohùn ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí náà ó di dandan kí orin mí. Igi ni wọ́n fi gbẹ́ fèrè. Fèrè idẹ kò ní bọ́tìnnì kankan, ètè àti èémí afọnfèrè nìkan ló ń wá ohùn. Ìyẹ́ ẹyẹ ló ń já okùn hapsikọ́dù, kì í ṣe òòlù bíi ti pìánò. Nínú Kọnṣẹ́tò Brandenburg kejì, Bach mú fèrè idẹ, fèrè onígi, óbò àti fáyólìn kó jọ pọ̀. Pẹ̀lú ohun èlò òde òní, fèrè idẹ á bo fèrè onígi mọ́lẹ̀. Pẹ̀lú ti àtijọ́, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè bára wọn sọ̀rọ̀. Ní 1964 ni ẹgbẹ́ yìí gba àwọn kọnṣẹ́tò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sílẹ̀ sórí àwo.

Ọ̀rọ̀ sísọ gan-an ni gbòǹgbò èrò Harnoncourt. Nínú ìwé tó ṣe ní 1982, ó ní orin tó ṣáájú nǹkan bí ọdún 1800 ń sọ̀rọ̀ ni, àti pé èyí tó tẹ̀ lé e ń ya àwòrán. Ẹni tó ti gbọ́ dùndún rí kò nílò kí wọ́n ṣàlàyé pé ohun èlò lè fọhùn. Lóòótọ́, fáyólìn kò sín ohùn ọ̀rọ̀ jẹ bí ìlù wa. Ibi tí a tẹnu mọ́, ibi tí a ti fúyẹ́, ìdánudúró, ìbéèrè àti èsì ló ń fi sọ tirẹ̀.

Àwọn kan kọ̀ ọ́ nígbà àkọ́kọ́, wọ́n ní ohùn náà ha, pé kò dọ́gba. Wọn kò parọ́ pátápátá. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ọ̀pọ̀ nínú ohun èlò wọ̀nyẹn kò ti ní olùkọ́ mọ́, àwọn tó gbé e sì ń kọ́ ara wọn bí wọ́n ti ń ta á. Lójú tèmi, ìgboyà wà nínú àṣìṣe tí a gbọ́ lórí àwọn àwo àkọ́kọ́ yẹn.

Ní 1969, Nikolaus kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní ọkẹ́sírà. Ọdún 1971 ni òun àti Gustav Leonhardt, ọmọ Netherlands, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé gbogbo kàǹtátà ìjọsìn Bach jáde, nǹkan bí igba. 1989 ni wọ́n tó gbà á sílẹ̀ tán. Àwọn ọmọdékùnrin ló sábà ń kọ ohùn òkè, torí obìnrin kì í kọrin nínú ìjọ tí Bach ń bá ṣiṣẹ́ ní Leipzig. Àwọn orin kan le ju ohun tí ọ̀fun ọmọdé lè gbé lọ, a sì ń gbọ́ ọ. Síbẹ̀ mi ò rí iṣẹ́ tó ṣí ojú ayé sí Bach tó èyí. Wọ́n tilẹ̀ ń fi ìwé orin náà sínú páálí àwo, kí olùgbọ́ máa fojú tẹ̀ lé e.

Wọn kì í sábà sọ̀rọ̀ Alice tó. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó fi jẹ́ aṣáájú àwọn tó ń ta fáyólìn nínú ẹgbẹ́, òun náà sì ni alábàáṣiṣẹ́ tó sún mọ́ ọkọ rẹ̀ jù lọ.

Lẹ́yìn wọn ni English Concert ti Trevor Pinnock dìde ní 1972, Academy of Ancient Music ti Christopher Hogwood àti Musica Antiqua Köln ti Reinhard Goebel sì tẹ̀ lé e ní 1973. Harnoncourt fúnra rẹ̀ kò dúró sórí Bach nìkan: ní Zurich, láti 1975, òun àti Jean-Pierre Ponnelle, olùdarí eré orí ìtàgé, gbé àwọn ọ́pẹ́rà tí Monteverdi kọ sórí ìtàgé.

Oṣù Kejìlá 2015 ni Harnoncourt fi lẹ́tà tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ dágbére fún àwọn olùgbọ́ rẹ̀, pé ara òun kò gbé e mọ́. Ó kú ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹta 2016. Alice tẹ̀ lé e ní 2022. Ìdarí ẹgbẹ́ bọ́ sọ́wọ́ Stefan Gottfried, Erich Höbarth àti Andrea Bischof, àwọn tó ti ń bá a ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀.