Wàláà Ìkàwé, Tàbí Orúkọ Tó Yẹ Ẹ̀rọ Tí Kì Í Kàwé

"Ẹ̀rọ alágbèéká abánáṣiṣẹ́ àfikàwé." Orúkọ tí olùtajà kan fún Kindle nìyẹn nínú ìpolówó tó kọ fún àwa tí a ń ka Yorùbá. Ẹni tó bá fẹ́ rà á ní láti kọ́kọ́ fa èémí sínú kó tó lè dárúkọ ohun tó wá rà. Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí kì í ṣe Yorùbá, síbẹ̀ kò sí Yorùbá tó ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Oríkì ni wọ́n kó jọ, wọ́n gbàgbé pé orúkọ là ń wá.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé èdè yìí kò tòṣì rárá. Púpọ̀ nínú ohun tí a ó fi sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà ti wà nílẹ̀ kí ẹ̀rọ tó dé. Ojú ìwé ni ojú ìwé, ìbáà wà lórí bébà, ìbáà wà lórí gíláàsì. Bátìrì ni bátìrì, bọ́tìnnì ni bọ́tìnnì. Kí ẹnikẹ́ni má fi "àpótí ìpamọ́ agbára iná" dà wá láàmú. Èyí tí omi kì í bà jẹ́, bíi Kindle Paperwhite láti ọdún 2018, "omi ò ràn án" ti tó o. Èyí tí wọ́n ti lò nílùú òyìnbó kó tó dé ọwọ́ wa, tòkunbọ̀ ni. Ẹ tiẹ̀ wo tòkunbọ̀ yẹn wò: orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun ló di orúkọ mọ́tò, ó di ti fíríìjì, ó di ti fóònù, kò sì sí ìgbìmọ̀ kan tó jókòó ṣèpàdé lé e lórí. Àwọn ọlọ́jà ló ṣe é, ó sì dúró.

Orúkọ ẹ̀rọ náà gan-an ni ìjà wà. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni "ẹ̀rọ ìkàwé", mi ò sì fara mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ ká wo bí èdè wa ṣe ń lo "ẹ̀rọ". Ẹ̀rọ ìlọta ló ń lọ ata. Ẹ̀rọ ìránṣọ ló ń ránṣọ. Ibi tí ẹ̀rọ bá ti ṣáájú ìṣe, ẹ̀rọ náà là ń gbé iṣẹ́ lé lọ́wọ́, ọmọ ènìyàn kàn ń darí rẹ̀ ni. Nígbà náà, ẹ̀rọ ìkàwé yóò jẹ́ ẹ̀rọ tó ń ka ìwé sí wa létí. Irú ẹ ti wà o, ó sì ń wúlò fún àwọn tí ojú ń dùn, ìyẹn ni mo fẹ́ fi orúkọ náà sílẹ̀ fún. Ẹnìkan lè ní ilé ìkàwé ńkọ́, ṣé ilé ló ń kàwé ni? Rárá, ṣùgbọ́n ilé kì í ṣe ẹ̀rọ. Ibi tí nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀ ni "ilé" ń tọ́ka sí. Ohun tó ń ṣe nǹkan ni "ẹ̀rọ" ń tọ́ka sí. Orúkọ méjèèjì jọra lójú, wọn ò jọra nínú.

Àwọn mìíràn ní kí a pè é ní "akàwé", nítorí Gẹ̀ẹ́sì pè é ní ohun tó ń kàwé. Kí ló kàn wá pẹ̀lú àṣìpè Gẹ̀ẹ́sì? A- tó ṣáájú akàwé, ẹni tó ní ojú àti ọpọlọ ló sábà máa ń wà fún, bíi ti akọ̀wé àti akọrin. Ohùn rẹ̀ tún léwu: ẹni tó bá fi ohùn ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti sọ àkàwé, ìyẹn sì jẹ́ nǹkan mìíràn pátápátá. Òǹkàwé ni ìwọ tí o dì í mú. Ohun tí o dì mú ńkọ́?

Wàláà ni. Wàláà ìkàwé, bí a bá fẹ́ kí ó yé àlejò.

Kí n tó gbèjà ọ̀rọ̀ yìí, ó yẹ kí n sọ ohun tó wà nínú ojú ẹ̀rọ náà. Ilé iṣẹ́ E Ink, tó ti inú yàrá ìwádìí MIT ní Amẹ́ríkà jáde ní 1997, ló ṣe é. Sony ló kọ́kọ́ fi sínú ẹ̀rọ tí wọ́n tà fún àwọn ará Japan ní 2004. Kindle àkọ́kọ́ tẹ̀ lé e ní oṣù kọkànlá ọdún 2007, owó rẹ̀ jẹ́ dọ́là 399. Inú ojú ẹ̀rọ náà kún fún kápúsù tíntìntín tí ìbú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti irun orí kan. Omi tó mọ́ gaara wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rúnrún funfun àti dúdú sì ń léfòó nínú rẹ̀. Iná tí funfun gbé yàtọ̀ sí ti dúdú, nítorí náà bí iná bá kan kápúsù kan, ọ̀kan á gòkè wá sójú, èkejì á rì. Bí wọ́n bá ti fìdí kalẹ̀, ẹ lè pa iná: lẹ́tà kò ní kúrò níbi tó wà. Ìgbà tí a bá ṣí ojú ìwé ni bátìrì tó ń náwó, àti bí a bá tan iná sí i. Ìdí nìyẹn tó fi lè lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan láì gba iná, tí fóònù kì í sì í lo ọjọ́ méjì. Ojú fóònù, bí iná bá ti lọ, ọ̀rọ̀ náà lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ lọ ilé kéú, kí ni mo ń júwe? Àlùfáà á fi tàdáwà kọ ọ̀rọ̀ sójú wàláà, ọmọ kéú á kà á títí yóò fi wọ̀ ọ́ lórí, wọn á fọ̀ ọ́, wọn á tún kọ òmíràn. Ohun tí a kọ dúró síbẹ̀ títí di ìgbà tí a bá fọ̀ ọ́. Kò sí orúkọ tó tún lè sún mọ́ ohun tí E Ink ń ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àtakò àkọ́kọ́ tí mo ń gbọ́ ni pé ọ̀rọ̀ àyálò ni. Bẹ́ẹ̀ ni; gbòǹgbò rẹ̀ ni lawḥ ti èdè Lárúbáwá. Haúsá ń pè é ní allo, tiwa sì ní w níwájú, èyí tó mú mi rò pé kì í ṣe ọwọ́ Haúsá la ti gbà á tààrà. Ṣùgbọ́n ta ló ń bi àlùbọ́sà pé níbo ló ti wá? Ta ló ń lé wákàtí àti àlàáfíà padà? Èmi ò kórìíra àyálò. Èyí tó ti gbé ọ̀dọ̀ wa títí tí ohùn rẹ̀ fi bá tiwa mu, ọmọ ilé ni. Àwọn onímọ̀ èdè wa gba fóníìmù wọlé, wọ́n sì fa àpólà igi wọ inú gírámà, a ò rí ẹni tó sunkún.

Àtakò kejì ni pé ọ̀rọ̀ ìmàle ni. Kí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ṣí Ẹ́kísódù nínú Bíbélì Yorùbá, kí ó wo ohun tí Mósè gbé sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè: wàláà òkúta méjì.

Ẹ̀kẹta ló le jù. Àwọn kan ti ń fi wàláà pe iPad àti irú rẹ̀. Mo ní kí wọ́n dá a padà. Dígí tí iná ń tàn láti ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìyẹn, táblẹ́ẹ̀tì sì ti tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Tí a bá ti gba wàláà, tàdáwà gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Mo ti rí "yíǹkì oníná", èyí tó ń ṣi ènìyàn lọ́nà, torí ìwà yíǹkì yìí ni pé ó lè dúró láìsí iná. Tàdáwà dùn lẹ́nu. Haúsá ní tawada, àwa ní tàdáwà. D àti w pààrọ̀ àyè, kò sì sẹ́ni tí wọ́n dá lẹ́jọ́. Tàdáwà aláwọ̀ la ó máa pe èyí tó wà nínú wàláà Kobo Clara Colour ti 2024.

Ó ku ọ̀rọ̀ pípa ẹ̀rọ àtijọ́ tì fún tuntun. "Ìgbéga" ni àwọn atúmọ̀ ń lò. Ìgbéga ni tí wọ́n bá sọ igbákejì ọ̀gá di ọ̀gá. Wàláà tí o jù sínú dúrọ́ọ̀ kò ga síbì kankan. Ìmúdójúìwọ̀n dára, ṣùgbọ́n ohun tí à ń ṣe sí ètò inú ẹ̀rọ ló bá mu. Àwọn tó ń ta fóònù ní Ìkẹjà ti yanjú rẹ̀: o gbé ti àtijọ́ kalẹ̀, o fi owó lé e, o pààrọ̀. Ìpààrọ̀ ni. Ó sì tún sọ òtítọ́ ju ìgbéga lọ, torí ẹni tó ní Paperwhite ọdún 2015 ti ní àmì 300 nínú íǹṣì kan, iye kan náà tó wà nínú tuntun. Iná àtùpà, èyí tó pọ́n fún alẹ́, wà lára ohun tó máa rí kún un, àti ojú tó fẹ̀ díẹ̀ sí i. Ẹni tí tirẹ̀ kò ní iná rárá ni mo lè sọ fún pé kó pààrọ̀ kíákíá.

Ohun kan ṣì wà tí àwọn tó ń kọ ìpolówó kì í mẹ́nu bà. Kọ̀ǹpútà ní àyè kan ṣoṣo fún ẹ, ṣùgbọ́n ẹ́ ní láti gba àmì ohùn lọ́tọ̀ kí a tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ọ̀pọ̀ irú lẹ́tà ni kò sì mọ ibi tí yóò gbé e sí. Kindle ti gbà kí a fi irú lẹ́tà tiwa sínú rẹ̀ láti 2018, Kobo náà gbà bẹ́ẹ̀. Irú lẹ́tà Gentium àti Charis kò ní dójú tì yín. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó wàláà, tuntun ni tàbí tòkunbọ̀, ẹ ní kí wọ́n ṣí ìwé Yorùbá kan lórí rẹ̀, kí ẹ sì wo orí ọ̀ àti ẹ́ dáadáa.