Ibi Tí Asọlórúkọ Dúró Sí: Orúkọ Àdúgbò ní Ìdímù àti Agbègbè Rẹ̀

“Ìdímù, Ìṣẹrí, Ẹgbẹ́dá, Ìyànà Ìpájà!” Bí kọ̀ńdọ́tọ̀ ṣe ń pe èrò ní Ìkọ̀tún nìyẹn. Àwọn orúkọ bí irú èyí, ní ilẹ̀ Alimọ́ṣọ́, ni mo ń yẹ̀ wò níhìn-ín. Èrò mi ni pé yàtọ̀ sí ibi tí orúkọ ń tọ́ka sí, ó tún máa ń fi ibi tí ẹni tó sọ ọ́ dúró sí hàn.

Ìyànà Ìpájà kì í ṣe Ìpájà. Ibi tí ẹni tó ń gba títì Abẹ́òkúta bọ̀ láti Agége ti máa yà ni. Èrò ojú títì ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Lójú ará Ìpájà, ibẹ̀ ni ọ̀nà ti já sí títì. Abúlé Ẹ̀gbá náà rí bẹ́ẹ̀: Ẹ̀gbá tó wà láàárín Ẹ̀gbá kò ní pe ìletò rẹ̀ lórúkọ yìí, àfi ẹni tí kì í ṣe Ẹ̀gbá. Òkè-Odò ńkọ́? Òdìkejì omi ni, lójú ẹni tó wà ní ìhín odò, gẹ́gẹ́ bí Òkè-Ògùn ti jẹ́ lójú ará Ọ̀yọ́. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó dá ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ 37 sílẹ̀ ní 2003, ọ̀rọ̀ ìtọ́sọ́nà yìí wọ inú orúkọ Àgbádò/Òkè-Odò.

Ìṣẹrí ju ẹyọ kan lọ, ìdí nìyẹn tí a fi ń pe ọ̀kan ní Ìṣẹrí Ọlọ́fin, tí a sì ń pe òmíràn ní Ìṣẹrí Ọ̀ṣun. Ọlọ́fin tí ìtàn Àwórì mọ̀ ni Ògúnfúnmiinírè, ẹni tó tẹ̀lé àwo tó léfòó lórí omi títí àwo náà fi rì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fa “Àwórì” yọ. Mo gba ìtàn yìí tọwọ́tẹsẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ohun tí àwọn Àwórì gbà nípa ara wọn. N kò lè fi ṣe ẹ̀rí gírámà.

Irú ìṣọ́ra yìí kan Ìdímù gan-an. Ó máa ń yá ènìyàn lára láti gé “ìdí” kúrò níwájú rẹ̀, kí ó sì kà á mọ́ Ìdí-Ìrókò àti Ìdí-Máńgòrò. Ṣùgbọ́n igi wà lódidi nínú àwọn yẹn. Èyí tó ṣẹ́kù lára Ìdímù kò jọ orúkọ igi kankan. Ìjọra lásán kò tó ẹ̀rí.

Àkọsílẹ̀ ìjọba tún dá kún ìṣòro náà. “Abule Odu” láìní àmì ohùn ló wà lórí pátákó: báwo ni àlejò yóò ṣe mọ̀ bóyá odù ni tàbí òdú? Ní Ireland, àwọn ayàwòrán ilẹ̀ fi àkọtọ́ Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ̀pọ̀ orúkọ Gaelic ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Àdánù tiwa pọ̀ ju tiwọn lọ, torí ohùn ló ń gbé ìtumọ̀ wa.

Àwọn orúkọ tuntun ni àwọn olùwádìí kì í fẹ́ kà sí. Gowon tó jẹ́ olórí Nàìjíríà kúrò lórí àlééfà ní 1975, síbẹ̀ Gowon Estate ṣì ń jẹ́ Gowon Estate. Ní Ìdímù, ibùdókọ̀ kan ń jẹ́ Council, òmíràn ń jẹ́ Pipeline. Pipeline sọ fún wa pé ọ̀pá epo gba abẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ kọjá. Ìjẹgun tó wà nítòsí mọ ohun tí irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ lè fà: ní oṣù Karùn-ún 2008, katakata gún un, iná sọ, ẹ̀mí sì ṣòfò. A kò lè rí ẹni tó sọ Ìdímù lórúkọ bi mọ́. Ti Pipeline kò tíì rí bẹ́ẹ̀: àwọn tó mọ ibẹ̀ kí orúkọ náà tó mọ́ ọn lórí ṣì wà láyé, wọ́n sì ṣeé bi.